Àdán Gotham: Bí A Ti Í To Àwọn Fíìmù Batman Ní Ipò-Ipò

Ìka kò dọ́gba, fíìmù pàápàá kò sì lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀ràn bá di ti akọni kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń ṣe sinimá lé lórí láti ọdún 1943, tí òṣèré kan ń bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ tí òmíràn ń gbé e wọ̀, tí olùdarí tó dé lónìí kò sì fẹ́ kí tirẹ̀ jọ ti ẹni tó kúrò níbẹ̀ lánàá, ẹni tí yóò to irú fíìmù bẹ́ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ òṣùwọ̀n tí yóò lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ariwo ọkọ̀ àti ìró ìbọn ni yóò bá a to ó. Akọni tí mo ń wí ni Batman, àdán Gotham, a-fòru-ṣaṣọ, ọmọ olówó tí ń sùn lọ́sàn-án tí ń ṣọ́ ìlú lóru, ọmọ òrukàn tí ó sọ ẹkún di iṣẹ́ òòjọ́. Nínú orí ìwé yìí ni n ó ti fi ọ̀nà tí mo ń gbà to àwọn fíìmù rẹ̀ han òǹkàwé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni gba ipò tí mo fi wọ́n sí bí ẹni gba òfin, nítorí ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí òǹkàwé ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó jókòó síwájú amóhùnmáwòrán.

Ó yẹ kí a mọ ilé tí àdán náà ti jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ará New York, Bob Kane àti Bill Finger, ni wọ́n pilẹ̀ rẹ̀, inú ìwé àwòrán kan tí à ń pè ní Detective Comics sì ni ó ti kọ́kọ́ yọjú, nínú ẹ̀dà kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ oṣù Karùn-ún ọdún 1939 sí lára. Kane ni ó ya àwòrán, ṣùgbọ́n Finger ni ó ní kí wọ́n yọ ìyẹ́ líle tí Kane fi sí i lẹ́yìn kúrò, kí wọ́n fi aṣọ ìlékè gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìbòjú elétí ṣóńṣó bò ó lórí; òun náà ni ó sọ ọkùnrin tó wà lábẹ́ ìbòjú náà ní Bruce Wayne, tí ó sì sọ ìlú rẹ̀ ní Gotham. Síbẹ̀síbẹ̀ orúkọ Kane nìkan ni wọ́n ń kọ sí i. Finger kú ní ọdún 1974 láì rí fíìmù kan ṣoṣo tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti akọni tí òun náà bí, ó sì di ọdún 2015 kí àwọn tó ni ìwé náà tó gbà láti máa dá a mọ̀ ní gbangba. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn òtítọ́, kí ó má ṣe máa dìde ní kété tí eré bá parí. Kí ó ka àkọsílẹ̀ tí ń gòkè lọ lójú fíìmù. Nínú fíìmù ọdún 2012, Kane nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Nínú ti ọdún 2016, yóò bá àwọn méjèèjì.

Òṣùwọ̀n wá dà? Nínú ẹ̀dà kẹtàlélọ́gbọ̀n ìwé yẹn kan náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1939, ni wọ́n ti sọ ìdí tí ọlọ́rọ̀ kan fi ń wọ aṣọ àdán kiri òru. Ọmọdékùnrin kan ń ti ilé sinimá bọ̀ pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀, olè kan dá wọn lọ́nà, ó ní kí ìyá mú ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ wá, bàbá kọ̀, ìbọn dún, ọmọ náà sì di ẹni tó dá dúró láàárín òkú méjì. Ó wá búra pé gbogbo ọjọ́ ayé òun ni òun yóò fi bá àwọn ọ̀daràn jà. Gbogbo ohun tí ó kù, ọkọ̀ dúdú, ihò abẹ́ ilé, iná tí ń tan àwòrán àdán sójú sánmà, orí ìbúra ọmọdé yẹn ni wọ́n dúró lé. Ìbéèrè kan ṣoṣo nìyí tí mo máa ń bi fíìmù Batman kọ̀ọ̀kan: kí ni ìwọ ṣe sí ọmọdékùnrin inú ọ̀nà tóóró yẹn? Fíìmù lè fi ìran náà hàn kí ó sì fi í ṣòfò. Òmíràn lè má fi í hàn rárá kí ọmọ náà sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran, fíìmù tí ó bá sì jẹ́ kí a rí ohun tí Bruce Wayne ń rí láàárín ẹkún rẹ̀, òun ni n ó gbé lékè.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dá ààlà. Fíìmù Joker ti ọdún 2019, tí ó gba ẹ̀bùn àgbà ní Venice tí Joaquin Phoenix sì tipasẹ̀ rẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, kò sí nínú ìtò mi, nítorí ọmọdé ni Bruce Wayne nínú rẹ̀, ìtàn ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo yọ Justice League kúrò, níbi tí àwọn akọni ti pọ̀ bí èrò ọjà. Eré alápá-púpọ̀ méjì àtijọ́, ti ọdún 1943 àti ti 1949, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní apá 15, ti àwọn tó fẹ́ràn ìtàn sinimá ni. Ogun ni wọ́n ń jà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́, èébú tí wọ́n sì ń bú àwọn ará Japan nínú rẹ̀ ń kọ etí lónìí. Ẹ kàn mọ̀ pé láti inú eré yẹn ni ihò àdán abẹ́ ilé ti wọ inú ìtàn náà. Kí ó tó di ìgbà náà, kò sí nínú ìwé.

Ní ti ọ̀nà tí à ń gbà wò ó, òru ni kí ẹ máa wo Batman, kí ẹ pa iná yàrá, nítorí àwọn ayàwòrán tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn fíìmù wọ̀nyí fẹ́ràn òkùnkùn ju ohun tí ojú lè gbà lọ́sàn-án lọ. Ẹ má ṣe fi fíìmù sí ipò kankan ní alẹ́ tí ẹ bá wò ó. Ẹ fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Ìran tí ó bá ṣàdédé padà sọ́kàn yín níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́ tàbí tí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀, òun ni kí ẹ pè ní ẹlẹ́rìí. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn ọ̀tá Batman, nítorí adùn wọn pọ̀, wọ́n sì lè gba ìdájọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Nínú fíìmù ọdún 1989, orúkọ Jack Nicholson tí ó ṣe Joker ni ó ṣíwájú orúkọ Michael Keaton tí ó ṣe Batman fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó sì ń gbé fíìmù náà gẹ̀gẹ̀ títí di òní, Nicholson ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀, wọn kò kàn fura ni.

Láti ìsàlẹ̀ ni kí a ti gòkè. Batman & Robin ti ọdún 1997 ni ó wà ní ìdí pátápátá, n kò sì tíì pàdé ẹni tí yóò bá mi jà lórí rẹ̀. Arnold Schwarzenegger kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ omi dídì, gbogbo gbólóhùn tí ó bá sì yà á ní ẹnu, ẹ̀fẹ̀ lórí òtútù ni. George Clooney ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ ìbòjú bí ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó. Ó sì dé ibì kan tí Batman yọ káàdì báǹkì tí wọ́n ya àdán sí lára jáde láàárín àwùjọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Joel Schumacher tí ó darí rẹ̀ tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà lọ́wọ́ àwọn òǹwòran, ọdún 8 sì kọjá kí Batman tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ṣe tó tún wọ ilé sinimá. Ohun tó ń dùn mí nípa rẹ̀ kò pọ̀, àfi pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti fi Alfred, àgbà ìránṣẹ́ tó tọ́ ọmọ òrukàn yẹn dàgbà, dùbúlẹ̀ àìsàn, tí wọ́n sì fi ẹ̀fẹ̀ bo ìbànújẹ́ náà mọ́lẹ̀ kí a má bàa rí i. Batman Forever, tí Schumacher kan náà ṣe ní ọdún 1995, fi díẹ̀ sàn jù ú, torí pé ó kó ọmọ òrukàn méjì sínú ilé kan, Bruce Wayne àti Robin tí àwọn ẹbí rẹ̀ kú nínú eré ìdárayá lójú rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tó tó ọ̀rọ̀ ti ibẹ̀ jáde. Jim Carrey, tí ó ṣe ọ̀tá Batman níbẹ̀, kò jẹ́ kí a gbọ́.

Òkè wọn ni mo fi Batman v Superman ti ọdún 2016 sí, fíìmù tí Zack Snyder darí. Ó fi ìran ọ̀nà tóóró náà ṣí eré, ó sì yà á dáadáa: ẹnu ìbọn kọ́ sínú ẹ̀gbà ọrùn ìyá, ìbọn dún, ìlẹ̀kẹ̀ funfun fọ́n ká sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ben Affleck, Batman tí irun rẹ̀ ti ń funfun, gbé ìkorò àgbà wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọni méjèèjì ti lu ara wọn bí ẹni máa kú, ohun tí ó parí ìjà ni pé Martha ni ìyá àwọn méjèèjì ń jẹ́. Àwọn ènìyàn fi í rẹ́rìn-ín gan-an. Èrò tó wà nínú rẹ̀ kò burú, nítorí ọmọdékùnrin inú ọ̀nà tóóró ni orúkọ yẹn tún jí dìde. Wọ́n kàn sáré sọ ọ́ ni, bí ẹni tó rántí ìdáhùn nígbà tí wọ́n ti ń gba ìwé ìdánwò.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í rẹ́rìn-ín, ẹ fò ìpínrọ̀ yìí kọjá. Batman ti ọdún 1966, tí Adam West ṣe, kì í ṣe fíìmù tí kò dára tí a ń fi ojú àánú wò. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ wo ibi tí West ti gbé bọ́ǹbù ńlá kan lọ́wọ́ lókè orí, tí òwú rẹ̀ ń jó, tí ó ń sáré kiri èbúté tí ó ń wá ibi tí yóò jù ú sí: ó dé ìhín, ó bá àwọn sísítà ìjọ Àgùdà, ó dé ọ̀hún, ó bá ìyá ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó yíjú sí omi, ó bá olólùfẹ́ méjì nínú ọkọ̀, ó tún yíjú, ó bá àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Kò fẹ́ kí ohun ẹlẹ́mìí kankan fara gbọgbẹ́. Nínú fíìmù kan náà ni wọ́n ti fi oògùn tí a ń fín bí lọ́fínńdà lé àkurákudà tó gbé Batman lẹ́sẹ̀ mì, ibẹ̀ náà sì ni Cesar Romero, tí ó kọ̀ láti fá irunmú rẹ̀ nítorí Joker, ti jẹ́ kí wọ́n kun ẹfun lé irunmú náà lórí. Ẹ súnmọ́ ojú amóhùnmáwòrán, ẹ ó rí i. Fíìmù yìí kò rántí ọmọ òrukàn rárá, nítorí náà n kò lè gbé e ga, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi ju àwọn mìíràn tí mo fi ṣe ọ̀gá rẹ̀ lọ. The LEGO Batman Movie ti ọdún 2017 ni ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì gbọ́n ju bàbá lọ. Lẹ́yìn tí gbogbo ìlú ti patẹ́wọ́ fún Batman tán, ó padà sí ààfin rẹ̀ tó dá páropáro, ó gbé edé ńlá sínú ẹ̀rọ máíkírówéèfù, ó sì dúró, ó ń wo abọ́ tí ń yí, tòun ti ìbòjú lójú, kò sí ẹni tí yóò bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́. Ó wá lọ dúró síwájú àwòrán bàbá àti ìyá rẹ̀, ó ń ròyìn ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà fún wọn. Àwọn ọmọdé tó ń wò ó yóò máa rẹ́rìn-ín; kí àgbà tó wà níbẹ̀ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rí ojú òun.

Fíìmù méjì tí Tim Burton darí ni ó tún kàn. Nígbà tí ìròyìn jáde pé Michael Keaton, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí aláwàdà, ni yóò ṣe Batman, lẹ́tà ẹ̀hónú tí a ń kà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó ya lu ilé iṣẹ́ Warner, ṣùgbọ́n nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1989, ẹnu ẹlẹ́hónú wọ ilé. Ìlú Gotham tí Anton Furst kọ́ fún un sí Pinewood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, orin Danny Elfman sì wà níbẹ̀ tí ń gbé ènìyàn dìde lórí àga. Ìbòjú tí wọ́n fi bo Keaton lórí kò jẹ́ kí ó lè yí ọrùn. Bí ó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ni yóò fi yí, àbùkù yẹn sì di ẹwà fún un, nítorí ó jẹ́ kí ó rí bí ère tó dédé gbéra. Ohun tó mú mi fà á sẹ́yìn ni pé nínú fíìmù yìí, Joker ni wọ́n sọ pé ó pa òbí Bruce Wayne nígbà èwe rẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ó sì ba ìtàn jẹ́. Bí apààyàn náà bá ti ní orúkọ àti ojú, tí ó sì já láti orí ilé gogoro kú, kí ni Batman tún ń wá lóde lóru ọjọ́ kejì? Olè tí kò lórúkọ ni ó lè mú kí ọmọ kan máa bá gbogbo òkùnkùn jà títí ayé.

Batman Returns ti ọdún 1992 mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Burton kò fi ọ̀nà tóóró hàn níbẹ̀, ó gbé ọmọ òrukàn fún ọ̀tá: alẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì ni bàbá àti ìyá kan gbé ọmọ wọn tí wọ́n bí ní àbùkù ara sínú odò tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọmọ náà ni ó sì padà wá di Penguin tí Danny DeVito ṣe. Ọlọ́rọ̀ kan pàdánù òbí, ó di Batman. Ọlọ́rọ̀ kan, òbí rẹ̀ ni ó pàdánù òun, ó di ẹranko. Ìran kan tún wà níbẹ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú fò: ijó ìbòjú, níbi tí gbogbo àlejò ti bo ojú wọn, àyàfi Bruce Wayne àti Selina Kyle tí Michelle Pfeiffer ṣe. Àwọn méjì tí wọ́n ń gbé ẹ̀kú lóru nìkan ni wọ́n wá ní ojú lásán, wọ́n ń jó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, gbólóhùn kan sì bọ́ sílẹ̀ tí ẹnìkíní-kejì fi mọ ẹni tí òun dì mọ́ra. Ẹ wo ojú Pfeiffer ní àkókò yẹn. Obìnrin náà béèrè, ní ohùn jẹ́ẹ́, bóyá ó ti wá di dandan kí àwọn bẹ̀rẹ̀ sí jà.

Ní ti Christopher Nolan, fíìmù mẹ́ta rẹ̀, ìtàn kan ni. Ẹ má ṣe já wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí ẹ bá ń wò wọ́n, bí ẹ tilẹ̀ máa fi wọ́n sí ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Batman Begins ti ọdún 2005 ni ó ṣe ọ̀nà tóóró náà dára jù lọ nínú gbogbo fíìmù tí ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ṣe. Eré olórin ni Bruce kékeré bá àwọn òbí rẹ̀ lọ wò. Àwọn òṣèré tó wọṣọ bí àdán bà á lẹ́rù, nítorí ó ti já sínú kànga kan rí tí àdán ya bò ó. Ó ní kí àwọn máa lọ. Nítorí pé ọmọ bẹ̀rù ni wọ́n ṣe jáde ṣáájú àkókò, nítorí pé wọ́n jáde ni wọ́n ṣe pàdé olè. Ẹ rí i bí ìbànújẹ́ ṣe di ẹ̀bi, tí ẹ̀bi sì di ìbòjú: ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni ó gbé wọ̀ kí ó lè máa ba àwọn ẹlòmíràn lẹ́rù. Ní àgọ́ ọlọ́pàá lálẹ́ ọjọ́ náà, ọlọ́pàá kan tí kò ní ipò ńlá, Gordon tí Gary Oldman ṣe, fi ẹ̀wù bo ọmọ náà léjìká. Ẹ dákun, ẹ rántí ẹ̀wù yìí. Fíìmù méjì yóò kọjá lórí rẹ̀, ọdún 7 yóò kọjá lójú ayé, kí Batman tó sọ fún Gordon ní ìparí The Dark Knight Rises ti ọdún 2012 pé akọni lè jẹ́ ẹni tó fi ẹ̀wù bo ọmọdé léjìká kí ó lè mọ̀ pé ayé kò tíì parí. Nítorí ẹ̀wù yẹn, àti nítorí ihò ẹ̀wọ̀n jíjìn tí Bruce kò lè gùn jáde àyàfi ìgbà tó tú okùn kúrò nídìí, mo dárí ji fíìmù kẹta yìí lórí gígùn rẹ̀ àti ariwo ìkẹyìn rẹ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Ipò àárín ni ó wà. Begins ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

The Batman tí Matt Reeves darí ní ọdún 2022 sì wà lókè Begins. Ó gùn tó wákàtí mẹ́ta dín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ sì lè pín in sí alẹ́ méjì láìsí ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí ọ̀nà tóóró nínú rẹ̀, kò sí ìlẹ̀kẹ̀, kò sí ìbọn àtijọ́. Dípò rẹ̀, wọ́n pa olórí ìlú, ọmọdékùnrin rẹ̀ ni ó sì rí òkú bàbá rẹ̀. Robert Pattinson wọlé tòun ti ìbòjú, ó rí ọmọ náà, ó dúró. Ní ibi ìsìnkú, wọ́n tún wo ara wọn. Kò sọ nǹkan kan. Gbogbo ohun tí àwọn fíìmù mìíràn fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ, ojú méjì tí ó pàdé ni Reeves fi sọ ọ́. Fún àwọn tó fẹ́ràn ìjà ọkọ̀, òpópónà kan wà níbẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí, tí Penguin, tí Colin Farrell ṣe débi tí a kò fi mọ ojú rẹ̀ mọ́, ti rò pé òun ti jó àdán náà mọ́ inú iná, kí ọkọ̀ dúdú náà tó fò jáde láti inú ọwọ́ iná, tí ó sì dojú ọkọ̀ tirẹ̀ dé. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ, ni àwọn àgbà máa ń wí. Níbí, ẹyẹ ni ó dorí kodò nínú ọkọ̀ tó dojú dé, tí ó ń wo àdán bó ti ń rìn bọ̀ wá bá a pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò kánjú, iná lẹ́yìn rẹ̀, òjò lórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ yóò ti máa retí The Dark Knight ní ipò kìn-ín-ní. Ipò kejì ni mo fi í sí, kò sì rọrùn fún mi. Oṣù Keje ọdún 2008 ni ó jáde. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni Heath Ledger tí ó ṣe Joker ti kú lẹ́ni ọdún 28, ẹbí rẹ̀ ni ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar rẹ̀ fún un ní ọdún tó tẹ̀lé e. Owó tí fíìmù náà pa lágbàáyé ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní ìgboro Chicago, ọkọ̀ àjàgbé gidi ni wọ́n mú dìde lórí imú rẹ̀ tí wọ́n sì gbé e ṣubú sẹ́yìn, a sì ń gbọ́ ìwúwo rẹ̀ nínú egungun ara. Ledger kò jẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ sinmi, ó ń fi í lá ètè rẹ̀ tó ní àpá bí ẹni tí ọgbẹ́ náà kò tíì jinná. Hans Zimmer sì fi okùn gòjé ńlá kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ ń fà tí ń le sí i kéde rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀ kí ó tó yọjú. Bí eégún ẹni bá jóòó re, orí a yá atọ́kùn, ó sì hàn gbangba pé orí yá Nolan. Ìran tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ kò ní Batman nínú: ọkọ̀ ojú omi méjì wà lórí odò lóru, ọ̀kan kó aráàlú, ọ̀kan kó ẹlẹ́wọ̀n, Joker sì ti fi ohun tí yóò fọ́ ọkọ̀ kìíní sọ́wọ́ àwọn èrò ọkọ̀ kejì. Ẹlẹ́wọ̀n gìrìwò kan, tí àpá kún ojú rẹ̀, dìde, ó ní kí ọ̀gá ẹ̀wọ̀n gbé e fún òun kí òun ṣe ohun tó ti yẹ kí ó ṣe. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ gbígbọ̀n gbé e fún un. Ẹlẹ́wọ̀n náà jù ú gba ojú fèrèsé sínú omi, ó padà lọ jókòó, ó tẹrí ba.

Kí ló wá fà á sẹ́yìn? Ọmọ òrukàn náà kò sí níbẹ̀ púpọ̀. Ìbànújẹ́ tí fíìmù yìí ní fún Bruce Wayne, iwájú ni ó wà, ní ibi tí Joker ti fi í ṣeré pẹ̀lú àdírẹ́sì méjì tí ó sì sáré lọ sí ilé tí ẹni tí ó ń wá kò sí. Ó wúwo, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣẹlẹ̀ sí. Ìtàn ìlú kan ni The Dark Knight, ìtàn náà sì tóbi ju Batman lọ.

Ipò kìn-ín-ní, àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni. Batman: Mask of the Phantasm jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1993, ìṣẹ́jú 76 péré ni, Eric Radomski àti Bruce Timm ni wọ́n darí rẹ̀. Fídíò lásán ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi í ṣe, wọ́n wá fi ìkánjú gbé e lọ sí ilé sinimá, èrò kò sì wá. Kevin Conroy, tí ó papòdà ní ọdún 2022, ni ó fọhùn fún Batman, Mark Hamill fún Joker. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kàtúùnù ọmọdé ni. Ẹnìkan tó wọ ẹ̀kú dúdú tí èéfín yí ká ń pa àwọn àgbà ọ̀daràn Gotham ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọlọ́pàá sì rò pé Batman ni; n kò ní tú àṣírí ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀kú náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ìpànìyàn náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Kí Bruce tó di Batman, nígbà tí ìbúra rẹ̀ ṣì jẹ́ ìbúra lásán, ó pàdé ọmọbìnrin kan, Andrea Beaumont, ní itẹ́ òkú, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń bá ìyá rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ sókè ketekete. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́.

Ó di òru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Bruce kúnlẹ̀ síwájú ibojì bàbá àti ìyá rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀ tí a kò mọ èyí tí í ṣe òjò nínú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n. Ó ní kò dun òun mọ́ bí ó ti ń dun òun tẹ́lẹ̀. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà, òun lè máa fi owó ran ìlú lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú mi sílẹ̀, n kò mọ̀ pé inú mi lè dùn báyìí. Òkú kò fọhùn. Nínú gbogbo fíìmù Batman, ibí nìkan ni mo ti rí i tí ọmọ òrukàn náà ti ń bẹ àwọn òbí rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dẹ́kun sísunkún, tí ayọ̀ sì wá di ohun tí ó ń tọrọ ìdáríjì fún. Lẹ́yìn náà, tí ọmọbìnrin náà ti lọ tí òrùka sì ti padà, Alfred dúró nínú ihò abẹ́ ilé, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ bó ti ń fa ìbòjú wọ̀ nígbà àkọ́kọ́; ìgbà tí Bruce yíjú padà, àgbà ọkùnrin náà fà sẹ́yìn, ó ké pe Ọlọ́run. Kò sí orin ìṣẹ́gun níbẹ̀, ẹni tó tọ́ ọmọ náà dàgbà ni ẹ̀rù ọmọ náà bà.

Ẹni tí kò tíì rí ọ̀kankan rí, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ipò kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ ni kí ó má tẹ̀lé ọdún tí wọ́n jáde. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Batman Begins, kí ó fi The Dark Knight tẹ̀ lé e, kí ó fi ọjọ́ díẹ̀ sinmi kí ó tó wo The Dark Knight Rises. Lẹ́yìn náà ni kí ó padà sí Mask of the Phantasm, nítorí ìgbà náà ni yóò ti mọ ohun tí ìbúra yẹn ń gbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan. Bí ọmọdé bá wà nílé, LEGO àti ti ọdún 1966 ni kí ẹ fi fún wọn. Ẹ pa Batman Returns mọ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tó jáde, àwọn òbí ní Amẹ́ríkà bínú sí McDonald's tí ó ń fi ohun ìṣeré rẹ̀ sínú oúnjẹ ọmọdé, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ ní kété tí Penguin bá ti ki eyín bọ imú ẹni. Ní ti Batman & Robin, ẹ fi í sílẹ̀ de ọjọ́ tí àlejò bá kún ilé, tí gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀ pọ̀, tí kò sì sí ẹni tí ń wo ohun tí amóhùnmáwòrán ń ṣe.